Kí Ló Ń Mú Ogunléndé Kọ́ Èdè Ẹlòmíràn?

Àsọyé tí Ìmáàmù mọ́sálásí wa ṣe níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé-kéwú àti àwọn ìyá ẹgbẹ́

  



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe irú èyí tí mo máa ń sọ lórí mínbárì. Ẹ rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, ìgbìmọ̀ mú àbá wá pé kí á ti kíláàsì alẹ́ tí a ṣí fún àwọn ará wa tí ogun lé kúrò ní Borno, àwọn tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀yìn ọjà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹní kò gbà wọ́n. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, àwọn tí ó ṣẹ́kù kò ju ohun tí a lè fi ìka ọwọ́ kan kà lọ. Ẹnìkan nínú wa dìde, ó ní àwọn ènìyàn náà kò fẹ́ kọ́ èdè, pé oúnjẹ àti owó nìkan ni wọ́n ń wá. N kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Ìdí tí n kò fi dá a lóhùn ni pé èmi pàápàá ti rò bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo tọrọ oṣù kan kí n lọ wádìí, ẹ sì yọ̀ǹda fún mi. Àbọ̀ ìwádìí náà ni mo mú wá.

Ọ̀rọ̀ ogunléndé kì í ṣe àjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà àwọn ará Mẹ́kà pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ní kí àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí Habasha, ilẹ̀ tí ó bọ́ sí Ethiopia àti Eritrea òde òní. Àwọn kan tètè padà. Àwọn mìíràn, bíi Ja'far ọmọ Abu Talib àti Asma ìyàwó rẹ̀, kò padà títí di ọdún keje Hijira, ní àsìkò ogun Khaybar. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ra ọjà níbẹ̀, wọ́n ṣàìsàn níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀. N óò padà sọ́dọ̀ wọn kí n tó jókòó.

Àgbàlagbà kan ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Shuwa ni, ìyẹn àwọn Lárúbáwá darandaran ilẹ̀ Borno. Hausa rẹ̀ kò tó, Hausa tèmi náà kò tó, Yorùbá kò sì sí lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Lárúbáwá, ọ̀kan nínú wa ń sọ èyí tí ó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀, èkejì ń sọ èyí tí ó kà nínú ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo náháwù tí mo kọ́ ní ilé-kéwú, tí mo tún kọ́ ní yunifásítì, kò kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń sọ pé, "Jọ̀wọ́, bá mi sún ẹní yẹn síhìn-ín." Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá sí kíláàsì mọ́. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Yaa Sheikh, mo ní oko ní ilé. Mo ní kànga tí bàbá mi gbẹ́. Bí mo bá jókòó tí mo ń kọ́ èdè yín, àwọn ọmọ mi yóò mọ̀ pé mo ti gbà pé a kò padà mọ́."

Mo padà sílé, n kò sì rí oorun sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà.

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ohun tí ó ń mú ènìyàn kọ́ èdè àkọ́kúntẹni. Láti 1959 ni àwọn ọmọwé méjì ní Kánádà, Gardner àti Lambert, ti pín in sí ọ̀nà méjì. Ẹnìkan ń kọ́ èdè nítorí ohun tí yóò fi rí gbà, bí iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀rí. Ẹlòmíràn ń kọ́ ọ nítorí pé ó fẹ́ sún mọ́ àwọn tí wọ́n ni èdè náà, kí wọ́n lè kà á mọ́ ara wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ní ìlú Montreal ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí wọ́n ń sùn ní ilé bàbá wọn, tí wọ́n sì mọ ibi tí wọn yóò jí sí ní ọ̀la. Ìpín náà wúlò fún olùkọ́, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ àgbàlagbà Shuwa yìí. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé ní ìbéèrè mìíràn tí ó ṣáájú méjèèjì: níbo ni èmi àti àwọn ọmọ mi yóò wà ní ọdún márùn-ún sí i? Ibi tí ìrètí rẹ̀ bá kọjú sí ni ahọ́n rẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Ibi tí a ti lè rí èyí kedere jù lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn Rohingya, àwọn ará wa nínú ẹ̀sìn. Ilé wọn ni Arakan, tí ìjọba Myanmar ń pè ní Rakhine. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí ogun Bọ́mà mọ ilẹ̀ náà, nítorí pé ní 1944, ní àfonífojì odò Kaladan ní Arakan níbẹ̀, ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn ará Japan jà. Òfin ọmọ-ìlú tí ìjọba Bọ́mà ṣe ní 1982 sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ Rohingya di ẹni tí kò ní ìlú. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2012, wọ́n há ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn mọ́ inú àgọ́ lẹ́bàá ìlú Sittwe, ilẹ̀kùn yunifásítì ibẹ̀ sì tì mọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í sun abúlé wọn. Láàrin oṣù díẹ̀, ó ju 700,000 ènìyàn lọ tí ó ré kọjá ẹnu ààlà sí Bangladesh. Pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti sá wá ṣáájú, ní 1978 àti ní 1991 sí 1992, àti àwọn tí wọ́n ṣì ń dé, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan ní agbègbè Cox's Bazar lónìí. Kutupalong ni orúkọ àgọ́ tí ó tóbi jù.

Ẹ wá wo èdè tí ń bẹ níwájú ọmọ Rohingya kan nínú àgọ́ náà. Èdè ìyá rẹ̀ sún mọ́ èyí tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Chittagong, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ra iyọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ẹnu ọjà yàtọ̀ sí ojú ìwé. Èdè ìwé ní Bangladesh ni Bangla, ìjọba ibẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n fi Bangla tàbí ìwé ẹ̀kọ́ Bangladesh kọ́ àwọn ọmọ nínú àgọ́. Ní 2019, wọ́n pàṣẹ kí àwọn ilé-ìwé ìlú lé àwọn ọmọ Rohingya tí wọ́n ti rá pálá wọlé jáde. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìjọba mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́ èdè ilé-ìwé yóò béèrè ilé-ìwé, lẹ́yìn náà yóò béèrè iṣẹ́, lẹ́yìn náà yóò ní òun kò lọ mọ́. Wọ́n fẹ́ kí ìrètí àwọn ènìyàn náà máa kọjú sí ilé, nítorí náà wọ́n ti ilẹ̀kùn èdè.

Ó yẹ kí ó yà yín lẹ́nu pé èdè tí àwọn Rohingya fúnra wọn ń béèrè jù fún àwọn ọmọ wọn ni èdè Bọ́mà. Èdè àwọn tí wọ́n sun ilé wọn! Kí ó tó di pé àwọn àjọ àgbáyé mú ìwé dé, àwọn olùkọ́ tí wọ́n sá wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn ti ń kó ọmọ jọ sínú àgọ́ tí wọ́n fi ọparun àti ọ̀rá ṣe, wọ́n ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Myanmar bí wọ́n ṣe rántí rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2021, UNICEF bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ẹ̀kọ́ Myanmar kọ́ àwọn ọmọ náà, inú àwọn òbí sì dùn. Wọn kò fẹ́ràn àwọn ológun Bọ́mà. Ohun tí wọ́n rò ni pé bí ilẹ̀ bá rọ̀, ọmọ tí kò gbọ́ èdè Bọ́mà kò lè dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kan kí ó sọ pé ọmọ onílẹ̀ ni òun. Ẹ̀rí pé ènìyàn ni ilẹ̀ rẹ̀ ni èdè náà jẹ́ fún wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò gbàgbọ́ mọ́ pé àwọn yóò padà ń lé èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń rí iṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àjọ aláàánú, òun náà ni èdè ilẹ̀ òkèèrè tí ẹnì kan lè mú wọn lọ. Ní ilé-kéwú, èdè Lárúbáwá àti Urdu ni. Àlùfáà kan nínú wọn, Mohammad Hanif, ti ṣe ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì kan fún èdè Rohingya fúnra rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, èyí tí ó wọ inú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò ní 2018. Nítorí náà, nínú agboolé kan ṣoṣo, ẹ lè rí bàbá tí ó ń fẹ́ Bọ́mà, ọmọkùnrin tí ó ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò rẹ̀ tí ó ń fẹ́ Bangla ní ìkọ̀kọ̀ nítorí pé iṣẹ́ wà nínú ìlú, àti ọmọbìnrin tí wọ́n ti mú jókòó sílé láti ìgbà tí ó ti bàlágà, tí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè èyí tí ó fẹ́. N óò sọ ọ̀rọ̀ irú ọmọbìnrin yẹn láìpẹ́, nítorí pé ó wà ní ẹ̀yìn ọjà tiwa náà.

Ní 2025, àìtó owó mú kí wọ́n ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àgọ́ náà fún ìgbà kan. Àwa náà fẹ́ ti tiwa. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé owó kọ́ ni ó wọ́n wa.

Ilẹ̀ Jámánì fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn wá. Láti 2005 ni wọ́n ti ní kíláàsì fún àwọn àlejò: wákàtí ẹ̀kọ́ 600 fún èdè, àti 100 fún òfin, ìtàn àti àṣà ilẹ̀ wọn. Nígbà tí ogun Siria tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 lé àwọn ènìyàn jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan ogunléndé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ tí ó béèrè ààbò ní Jámánì láàrin 2015 àti 2016, àwọn ará Siria ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ìparí 2015, ìjọba ṣí kíláàsì náà fún àwọn tí wọ́n ṣì ń retí ìdájọ́, ṣùgbọ́n kìkì àwọn tí ó dájú pé a óò gbà wọlé: ará Siria, Iraq, Iran àti Eritrea. Wọn kò ka ará Afghanistan mọ́ wọn. Ẹ fojú inú wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì nínú yàrá kan náà ní ilé àwọn ogunléndé. Ọ̀kan gbé ìwé lọ sí kíláàsì ní àárọ̀, èkejì dùbúlẹ̀ ó ń wo àjà. Lẹ́yìn ọdún méjì ẹnìkan yóò dé, yóò ní, "Àwọn ará Afghanistan kì í fẹ́ kọ́ èdè." Ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ẹni tí ó béèrè ààbò.

Ní Tọ́kì, ìrìn àjò náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ogunléndé Siria níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ nígbà tí wọ́n pọ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wọn, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ onígbà díẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn rò pé ogun yóò parí láìpẹ́. Nígbà tí kò parí, láti 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé Tọ́kì díẹ̀díẹ̀. Ó dára, wọ́n gbọ́ Tọ́kì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2024, ìjọba Assad wó lulẹ̀, ìdílé púpọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nínú wọn ni àwọn ọmọ wà tí wọ́n ń sọ Lárúbáwá pẹ̀lú ìyá wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kọ ọ́ dáadáa. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àgbàlagbà Shuwa wa kì í ṣe òpè. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ti ṣẹ sí àwọn ẹlòmíràn lára.

Àwa Yorùbá pàápàá ti jẹ ogunléndé rí. Nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ogun abẹ́lé wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown. Wọ́n ń pè wọ́n ní Aku níbẹ̀, nítorí ìkíni wa, ẹ kú èyí, ẹ kú ọ̀hún. Gbogbo yín mọ ìtàn Àjàyí Crowther tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822, tí ó sì ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì láàrin oṣù díẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni òtítọ́. Àwọn tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni àwọn Mùsùlùmí inú wọn, tí wọ́n tẹ̀dó sí Fourah Bay àti Fula Town. Wọ́n gba èdè Krio fún ọjà, wọ́n di Lárúbáwá mú fún mọ́sálásí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ń kírun níbẹ̀ di òní olónìí. Kò sí ẹni tí ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ Krio. Ọjà wà níwájú wọn, wọ́n sì rí i.

Mo fẹ́ padà sí ẹ̀yìn ọjà wa wàyí. N kò lè bá àwọn obìnrin jókòó sọ̀rọ̀ bí mo ṣe bá bàbá yẹn sọ ọ́, nítorí náà ìyàwó mi, tí ó dàgbà ní Kano, ni ó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi lọ. Àbọ̀ tí ó mú wá dójú tì mí.

Èkíní, wọ́n ní lẹ́yìn Magaribi ni a fi kíláàsì sí. Ta ni nínú yín, ẹ̀yin ìyá, tí ó lè fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná lẹ́yìn Magaribi wá kọ́ a, b, d? Àwa ọkùnrin ni a yan àkókò náà, ó bá wa lára mu.

Èkejì, ìwé tí a fi ń kọ́ wọn. Èmi ni mo yàn án, ẹ má wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Ìwé àwọn ọmọdé ni. Obìnrin tí ó ti bí ọmọ márùn-ún, tí ó ti sin méjì lójú ọ̀nà, ni a ní kí ó máa pe orúkọ ẹranko inú àwòrán. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ìyàwó mi pé, "A mọ bí a ṣe ń kíni. Ohun tí a kò mọ̀ ni ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ."

Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ìyá kan ń ṣàìsàn lẹ́yìn ìbímọ. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó sì mú lọ ṣe ògbufọ̀, nítorí pé ọmọ náà ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìta. Dókítà béèrè ohun tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́ nípa ara ìyá rẹ̀. Ojú ti ọmọ, ojú ti ìyá. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kejì kí ó tètè padà wá. Ọmọ náà kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́, ó ní, "Wọ́n ní kí o sinmi." Ìyá sinmi. Nígbà tí àwọn aládùúgbò yóò fi gbé e lọ ní ọjọ́ kẹrin, kò mọ ẹni tí ó gbé e mọ́. Alhamdulillah, ó yè. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn kò fẹ́ sọ Yorùbá mọ́ nínú ilé. Ó gbà pé ẹnu òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá òun.

Ẹ gbọ́, ará mi. Obìnrin yìí wà lára àwọn tí a ní wọn kò fẹ́ kọ́ èdè.

Ní 1995, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Bonny Norton tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n ṣí wá sí Kánádà. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó pè ní Martina nínú ìwé náà, wá láti Czechoslovakia. Ẹ̀rù a máa bà á láti sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifóònù. Ní ọjọ́ kan, onílé wọn fẹ́ kí wọ́n san owó ilé ọdún kan gbáko bí wọ́n tilẹ̀ ti ń kó kúrò. Martina bá a jà lórí tẹlifóònù fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan, kò bìkítà bóyá gírámà rẹ̀ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ẹnu sì ya àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ni ó ń dáàbò bo ilé náà, kò sì lè dákẹ́. Norton ní kí á yéé béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ní ìfẹ́ sí èdè nìkan. Ó fi kíkọ́ èdè wé ìdókòwò: kí ni ẹni náà ń fi sínú rẹ̀, kí ni ó ń retí pé yóò ti ibẹ̀ jáde, ta ni ó sì ń fún un láyè láti la ẹnu?

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe rò. Zayd ọmọ Thabit kò tí ì tó ogún ọdún nígbà tí Ànábì wa ní kí ó lọ kọ́ ìkọ̀wé àwọn Yahudi, kí ó lè máa ka lẹ́tà wọn kí ó sì máa dá èsì padà. Hàdíìsì sọ pé kò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí ó fi mọ̀ ọ́n. Làákàyè rẹ̀ mú, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wà nílẹ̀ tí ó ń dúró dè é, ó sì mọ ẹni tí ó rán òun níṣẹ́. Lẹ́tà wo ni a gbé sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ẹ̀yìn ọjà?

Ní ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn tí ń ru ẹrù àti àwọn tí ń ta omi ti mọ owó kíkà, iye ọjà àti èébú, kò sì sí èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ wa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kíkà: ìwé àdéhùn ilé, àti ọ̀rọ̀ tí ó ń wọlé sórí fóònù. Kíláàsì wa kò débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú, ó sì lè dùn yín. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wa máa ń na àwọn ọmọ wọn bí wọ́n bá sọ Kanuri nínú kíláàsì, kí wọ́n lè tètè gbọ́ Yorùbá. Mo ní kí á padà sí Habasha. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan wà, Umm Khalid, ọmọ Khalid ọmọ Sa'id. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un dé Mẹ̀dínà, wọ́n mú aṣọ dúdú kékeré kan tí ó ní àmì lára wá fún Ànábì wa. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ aṣọ náà fún un, ó tọ́ka sí àmì ara rẹ̀, ó sì sọ fún un pé "sanah". Ọ̀rọ̀ Habasha ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dára. Ọmọ náà ti dé ilé àwọn bàbá rẹ̀, Lárúbáwá ni gbogbo ìlú ń sọ, síbẹ̀ ẹni tí ó ga jù nínú ìlú wá ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ibi tí ó ti wá, ó sì fi yìn ín. Obìnrin náà dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ròyìn rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Bukhari gbà á wọlé. Ẹni tí ó bá ń na ọmọ nítorí Kanuri, kí ó wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìpàdé, kí á sọ ọ́ ní àwa méjì.

Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ àbá pé kí á ti kíláàsì náà. Mo bẹ̀ yín kí á gbé ti àwọn obìnrin lọ sí ọjọ́ Sátidé àti Àìkú lẹ́yìn ìrun Alaasari, kí obìnrin máa kọ́ wọn, kí ẹnì kan sì máa mójú tó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ìyá méjì nínú ẹgbẹ́ yìí jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbà fún mi. Káàdì ilé ìwòsàn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: bí a ṣe ń sọ ibi tí ó ń dun ni, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àti bí a ṣe ń béèrè ọjọ́ tí a óò padà wá. Ẹ̀kọ́ kejì ni lẹ́tà tí ilé-ìwé ń fi rán ọmọ. Títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n, kí àwọn ìyá tí wọ́n gbọ́ Hausa nínú wa pín ọjọ́ láàrin ara wọn láti máa bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn, kí ọmọdé kankan má ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin àgbà wọn tí wọn kò gbọ́ Hausa ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wọn yóò túmọ̀ rẹ̀ láti Hausa sí Kanuri. Yóò gùn, ṣùgbọ́n yóò dé. Kí ti àwọn ọkùnrin wà lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn ilé.

Ní ti àgbàlagbà Shuwa, n kò sọ fún un pé kí ó padà sí kíláàsì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ilé-kéwú wa sọ Lárúbáwá ní ọ̀sán, kí wọ́n má baà dà bí èmi tí n kò lè béèrè ẹní. Ó gbà. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí, àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń pè é ní Ustaaz. Ní ọjọ́ Àlàmísì tí ó kọjá, bí a ṣe ń ṣe aluwala, ó tọ́ka sí kànga ẹ̀yìn mọ́sálásí, ó bi mí pé kí ni àwa ń pè é. Mo sọ fún un. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n gbọ́ bóyá ó bọ́ sí i.